Láti Orí Rọ́ọ̀lù Fíìmù Dé Orí Fóònù: Ta Ni Yóò Tọ́jú Àwòrán Ọdún?

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ayẹyẹ ọdún ìbílẹ̀, Titirou, Parakou

  

Lọ́jọ́ ọdún, bí ìlù bá ti dún, tí eégún sì yọ lẹ́nu ọ̀nà, ohun kan wà tí ojú ń rí lónìí tí àwọn àgbà kò rí nígbà èwe wọn. Ọwọ́ á na sókè, fóònù á sì wà nínú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń ya fídíò. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ń ya fídíò. Àlejò tó kàn ń kọjá lọ sí ọjà Arzèkè náà á dúró, á ya tirẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwòrán ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn á ti pọ̀ ju èyí tí ọ̀pọ̀ bàbá rí yà ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan béèrè fídíò ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kí ó béèrè ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹni tó yà á á ní fóònù òun bọ́ sómi. Òmíràn á ní wọ́n jí tòun ní gáréèjì. Òmíràn á ní kò sí àyè mọ́ lórí fóònù ni òun fi pa á rẹ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ òní dá lé nìyẹn: bí fíìmù ṣe kúrò lórí rọ́ọ̀lù tó wọ́n bí ojú, tó di fídíò tí tọmọdé tàgbà lè yà, àti ẹrù tí ìyípadà náà gbé lé ìlú lọ́rùn láìsọ̀rọ̀.

NÍGBÀ TÍ FÍÌMÙ JẸ́ RỌ́Ọ̀LÙ

Fíìmù àtijọ́ jẹ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi oògùn tó ní fàdákà nínú kùn lára. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án nínú kámẹ́rà, àwòrán á wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ojú kò ní rí i títí wọ́n á fi fi omi oògùn fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn. Kí àwòrán tó lè máa rìn lójú ẹni tó ń wò ó, ẹyọ àwòrán 24 ni kámẹ́rà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Rọ́ọ̀lù ńlá ti fíìmù mìlímítà 35, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 305, ìṣẹ́jú 11 péré ló ń lò tó fi ń tán. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù wákàtí kan ààbọ̀ nílò rọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ó kéré tán, bí òṣèré kankan kò bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, bí òjò kò bá dé lójijì, bí ewúrẹ́ kò bá gba iwájú kámẹ́rà kọjá. Ta ló ń ṣiṣẹ́ tí kì í ṣe àṣìṣe? Ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye yẹn ni ọlọ́gbọ́n ń rà sílẹ̀.

Bí yíyà bá parí, ìnáwó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá lọ láti fọ̀ ọ́ àti láti tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ tó ń sọ Faransé, Paris ni tiwọn. Òṣèré ti lè padà sílé, ó ti lè fá irùngbọ̀n tó dá sí fún eré, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àwòrán náà dára tàbí kò dára.

Síbẹ̀ àwọn ènìyàn fi àyà rán an. Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, kópa nínú rẹ̀, òun náà sì wá di ẹni tó ń ṣe fíìmù tirẹ̀. Hubert Ògúndé, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, gbé Ayé jáde ní 1979. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Eré orí ìtàgé ni àwọn wọ̀nyí ti ń jẹun bọ̀. Owó tí wọ́n fi làágùn kó jọ láti ìlú dé ìlú ni wọ́n kó sínú rọ́ọ̀lù. Nígbà tí fíìmù bá sì dé, wọ́n tún ń gbé e kiri fúnra wọn, nítorí pé ẹ̀dà kò pọ̀, ẹ̀dà kan tó bá sọ nù sì jẹ́ àdánù ńlá.

Orílẹ̀-èdè Benin náà kò gbẹ́yìn. Paulin Soumanou Vieyra, tí wọ́n bí ní Porto-Novo ní 1925, wà lára àwọn tó ṣe Afrique-sur-Seine ní Paris ní 1955, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí ọmọ Áfíríkà adúláwọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Pascal Abikanlou, ọmọ Pobè, ṣe Sous le signe du vaudou ní 1974, òun sì ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní 1985, François Sourou Okioh ṣe tirẹ̀, orúkọ tó sì sọ ọ́ ni Ironu. Ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí ìrònú jẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín fíìmù ti 1974 àti ti 1985 yìí, ìka ọwọ́ tó láti ka àwọn fíìmù gígùn tí ọmọ Benin ṣe. Ọgbọ́n wà, ìtàn wà, owó rọ́ọ̀lù ni kò sí.

Ẹ jẹ́ kí nǹkan kan hàn níbí kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ síwájú, nítorí òun ni òpó tí ọ̀rọ̀ òní fara tì. Ọ̀wọ́n rọ́ọ̀lù yẹn ń fi ìyà jẹ ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ wọn ní nǹkan mẹ́rin. Ó ń kọ́ wọn láti ṣètò kí wọ́n tó yà. Ó ń kọ́ wọn láti tọrọ àyè, nítorí pé kámẹ́rà ńlá tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kò ṣe é fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó ń kọ́ wọn láti yan ohun tó ṣe pàtàkì, kí wọ́n sì fi èyí tí kò ṣe pàtàkì sílẹ̀. Ó sì ń kọ́ wọn láti tọ́jú ohun tí wọ́n bá yà, nítorí pé kò sí ẹni tó ń ju ohun tó fi ilé dúró rà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

ÌGBÀ KÁṢẸ́Ẹ̀TÌ

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní 1986, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, náírà sì já wálẹ̀. Rọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè rà di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Ní apá ibí, gbogbo ẹni tó ti dàgbà rántí oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n dín agbára fráńkì CFA kù. Fráńkì Faransé kan tó ń jẹ́ CFA 50 di CFA 100 lójú kan náà. Bí oògùn ilé ìwòsàn ṣe wọ́n ni ohun èlò fíìmù náà ṣe wọ́n.

Káṣẹ́ẹ̀tì fídíò ló wá gba àwọn òṣèré sílẹ̀. Kò nílò fífọ̀. Ẹni tó yà á lè dá a padà lójú ẹsẹ̀ kó wò ó. Káṣẹ́ẹ̀tì kan ń gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n sì lè pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n ya òmíràn sí i. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn òṣèré Yorùbá ti ń fi fídíò ṣe eré tí wọ́n ń tà ní ọjà. Kenneth Nnebue, oníṣòwò ọmọ Igbo tó ti ń gbé fídíò Yorùbá jáde, ṣe Living in Bondage ní èdè Igbo ní 1992, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé láti ibẹ̀ ni ohun tí a ń pè ní Nollywood ti gba orúkọ.

Àwọn tó mọ adùn fíìmù fojú kéré fídíò. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ rí bàìbàì, wọ́n ní ohùn rẹ̀ ń hó. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n Túndé Kèlání, tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ti di kámẹ́rà mú fún ọ̀pọ̀ fíìmù onírọ́ọ̀lù, kò bá wọn jókòó sọkún. Ó gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde lórí fídíò ní 1993. Ó ṣe Saworoidẹ ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló sì kọ ìtàn méjèèjì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí á rí i pé ọkùnrin náà gbé sùúrù ìgbà rọ́ọ̀lù wọ inú fídíò. Ohun èlò rọrùn sí i, kò sì jẹ́ kí ìwà iṣẹ́ rọ̀. Ẹ̀kọ́ tí Titirou nílò lónìí wà nínú ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe.

Káṣẹ́ẹ̀tì kan náà ló sì pa ẹlòmíràn lára. Àwọn ọlọ́ṣà jí Ọ̀run Móoru dà kọ sórí káṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri nígbà tí ẹni tó ni í kò tíì rí owó rẹ̀ gbà padà. Bàbá Sàlá, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń fi ṣẹ̀rín, wọ gbèsè tó ba ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ fún un. Ohun tó rọrùn láti dà kọ rọrùn láti jí. Ìyẹn náà jẹ́ apá kan nínú owó tí wọ́n san fún ìyípadà.

NÍGBÀ TÍ ÀWÒRÁN DI NỌ́ŃBÀ

Lẹ́yìn káṣẹ́ẹ̀tì ni èyí tó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn báyìí dé. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní díjítà. Orúkọ tí Faransé fún un, numérique, ló ṣàlàyé rẹ̀ jù, nítorí pé nọ́ńbà ni. Nínú fóònù, ohun kékeré kan wà lẹ́yìn dígí kámẹ́rà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, tó sì ń kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Fídíò ọdún tó wà nínú fóònù ọmọ kan jẹ́ ìwé ìṣirò gígùn kan tí fóònù ń kà padà di àwòrán. Kò sí ọ̀já, kò sí oògùn, kò sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹnì kan nínú ilé-iṣẹ́ Kodak, tó ń ta rọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé, ló kọ́kọ́ ṣe irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ní 1975. Ilé-iṣẹ́ náà kò fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé e, nítorí pé rọ́ọ̀lù ni oúnjẹ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Kodak lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láti sọ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Nítòsí ibí, ní Ouagadougou, àjọ̀dún fíìmù FESPACO fi ọ̀pọ̀ ọdún béèrè pé kí fíìmù tó bá fẹ́ du ẹ̀bùn ńlá Étalon wà lórí rọ́ọ̀lù mìlímítà 35. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní iṣẹ́ gidi ni òfin yẹn tì sẹ́yìn. Ní 2015 ni àjọ̀dún náà ṣí ilẹ̀kùn fún fíìmù díjítà.

Ẹ wo ìdílé kan ṣoṣo kí ẹ rí bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Adé Love kú ní 1996, lẹ́yìn tó ti fi rọ́ọ̀lù ṣe fíìmù. Ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Lọ́jọ́ tó jáde ní Èkó, lọ́jọ́ yẹn náà ni ẹni tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì ní Parakou, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston lè wò ó. Fíìmù bàbá ní láti wọ ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ti ọmọ kò wọ ọkọ̀ kankan.

Nítorí náà, kò sí ìdí láti ṣọ̀fọ̀ rọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin kan tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Parakou lè ya àwòrán, ó lè gé e, ó lè tò ó, ó lè fi orin sí i, kó sì fi han ayé, lórí fóònù kan ṣoṣo. Ohun tí Ògúndé àti Okioh fi ọ̀pọ̀ owó àti ọ̀pọ̀ ìrìn àjò wá, ó wà nínú àpò rẹ̀. Oore ńlá ni. Ìbéèrè tó kù ni ti nǹkan mẹ́rin tí ọ̀wọ́n rọ́ọ̀lù ń fi ipá kọ́ni. Nígbà tí owó kò fi ipá kọ́ni mọ́, ta ni yóò máa kọ́ni?

NǸKAN MẸ́RIN TÍ FÓÒNÙ KÌ Í KỌ́NI

Èkíní ni ètò. Bí eégún bá ń jó, fóònù ogún á dojú kọ eégún kan náà láti iwájú. Kò sí ẹyọ kan tó dojú kọ ọwọ́ onílù. Kò sí ẹyọ kan tó sún mọ́ ìyá àgbà tó ń ki oríkì níbẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè yè kooro. Gbogbo ẹni tó ń ṣe ọdún mọ̀ pé ohùn lè ju àwòrán lọ. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò, tí Benin, Nàìjíríà àti Togo sì jọ ni. Òru ni ẹ̀fẹ̀ ń kọrin. Ẹni tó bá ya ère orí nìkan, tí kò gba ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ dáadáa, igbá ló gbé, ó da omi inú rẹ̀ nù.

Èkejì ni àṣẹ. Nígbà tí kámẹ́rà tóbi, oníkámẹ́rà gbọ́dọ̀ kí àgbà kó tó gbé e kalẹ̀. Àgbà á sọ fún un pé, "Ọmọ mi, títí dé ibí ni o lè yà. Bí o bá rí wa tí a yí sí ẹ̀yìn ilé, gbé ojú kúrò." Fóònù kì í kí ẹnikẹ́ni. Ohun tó jẹ́ ti inú igbó lè dé ojú gbogbo ayé kí ẹni tó ni í tó délé. Bí ó bá sì ti jáde, kò sí babaláwo tó lè pè é padà. Igi gangaran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n máa na ọmọ. Ìkéde tó ṣáájú ìlù ló dára jù.

Ẹ̀kẹta ni yíyàn. Fídíò irínwó tí ẹnikẹ́ni kò ní wò kò sàn ju àìní fídíò lọ. Rọ́ọ̀lù ń fi ipá mú ènìyàn yàn kó tó yà. Nísinsìnyí, ẹ̀yìn yíyà ni yíyàn gbọ́dọ̀ wá, ó sì nílò ẹni tó máa jókòó, tó máa wò ó, tó máa sọ pé: èyí ni kó dúró, èyí ni kó lọ.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó wúwo jù, ni ìtọ́jú. Ìtàn kan wà nípa rẹ̀ tí gbogbo ará Parakou tó gbọ́ Haúsá á fẹ́ gbọ́. Ní 1976, ọdún kan náà tí Àjàní Ògún jáde, Adamu Halilu ṣe Shaihu Umar ní èdè Haúsá, láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé fíìmù náà ti sọ nù. Ní 2016, wọ́n rí àwọn rọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ilé ìkófíìmùpamọ́ ìjọba ní Jos. Àwọn ará Nàìjíríà àti àwọn ará Jámánì pawọ́ pọ̀ tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di díjítà, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Ogójì ọdún ó lé méjì ti kọjá lára rẹ̀, ó sì tún sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé rọ́ọ̀lù kì í kú. Ooru àti ọ̀rinrin ń pa á. Bí ó bá ti ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti ń kú lọ nìyẹn, fíìmù Áfíríkà tó ti parun báyìí kò níye. Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀lù máa ń kú díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá tètè dé á rí nǹkan kó níbẹ̀. Fídíò díjítà kì í kú bẹ́ẹ̀. Lónìí ó wà, lọ́la kò sí. Káàdì kékeré tó kéré ju èékánná lọ bàjẹ́, ọdún mẹ́wàá lọ. Díìsìkì tó wà nínú kọ̀ǹpútà gba eruku ọyẹ́, eruku tí kò sí ẹni tó lè kọ́ ará Parakou nípa rẹ̀, ó dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì jí mọ́. Ta ló máa fi fóònù sínú àpótí fún ogójì ọdún, tí yóò tún tan án kó tàn?

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ó wà lórí WhatsApp, ṣebí ó wà lórí Facebook." WhatsApp máa ń fún fídíò mọ́ kó lè tètè lọ, ohun tó dé ọwọ́ ẹni kejì kò rí bí ohun tó kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá pàdánù nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó lè pàdánù gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Facebook sì jẹ́ ilé ẹlòmíràn. Ẹni tó kó ẹrù bàbá rẹ̀ sí yàrá onílé kò gbọdọ̀ bínú bí onílé bá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

OHUN TÍ TITIROU LÈ ṢE

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò gba owó rọ́ọ̀lù kan. Ó gba ìpinnu.

Kí ọdún tó dé, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta. Ọ̀kan á máa ya ijó, ọ̀kan á dúró ti àwọn onílù, ọ̀kan á sún mọ́ àwọn tó ń kọrin àti àwọn tó ń ki oríkì. Kí gbogbo àwọn yòókù máa ya tiwọn bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí àwọn mẹ́ta yìí mọ̀ pé ìlú ló rán wọn níṣẹ́.

Kí àwọn àgbà jókòó ṣáájú, kí wọ́n sọ ibi tí fóònù gbọ́dọ̀ wọ àpò. Kí wọ́n kéde rẹ̀ ní Yorùbá, ní Faransé, ní Dendi àti ní Baatonu, kí àlejò má lè sọ pé òun kò gbọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọdún, kí ẹgbẹ́ gba fídíò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi sílẹ̀. Kí ó jẹ́ pé wáyà tàbí klé USB ni wọ́n fi gbà á, kí ó má jẹ́ WhatsApp. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n yàn. Kí wọ́n fún fídíò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ: ọdún wo, ojúlé wo, ta ló ń jó, ta ló ń lù, ta ló yà á. Fídíò tí kò ní orúkọ dà bí òkú tí ẹbí rẹ̀ kò wá a wá.

Kí ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Kí ọ̀kan wà ní ilé ìwé tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Kí ẹ̀kẹta kúrò ní Parakou pátápátá, kó wà lọ́dọ̀ ọmọ Titirou kan tó ń gbé ní Cotonou tàbí ní ibòmíràn, kó lè jẹ́ pé bí iná bá jó ilé kan, tàbí bí òjò bá wọ inú àpótí kan, ogún kò ní bá a lọ. Kí wọ́n máa tan díìsìkì náà wò lọ́dọọdún nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́ fún ọdún. Bí wọ́n ti ń kun ojúbọ, kí wọ́n máa tan díìsìkì wò. Bí ó bá pé ọdún márùn-ún, kí wọ́n dà á kọ sí tuntun.

Fún ẹ̀yin aṣojú ìjọba ìlú, ohun tí ìlú ń béèrè lọ́wọ́ yín kò tóbi. Kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní kọ́kọ́rọ́, níbi tí oòrùn kò ti ń pa, àti ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ fídíò sí, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan tó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni. Bí ìjọba ṣe ń tọ́jú ìwé ìbí àti ìwé ilẹ̀, kí wọ́n gbà pé fídíò ọdún náà jẹ́ ìwé ìbí ìlú.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀yin nìkan lè ṣe. Ọ̀pọ̀ yín gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ìyẹn bú yín, nítorí pé ilé ìwé ni wọ́n rán yín lọ. Ẹ gbé fóònù, ẹ lọ jókòó ti ìyá bàbá yín. Ẹ ní kó ki oríkì ilé, kó sì túmọ̀ rẹ̀ gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn. Fídíò lè sọ bí ẹnu ìyá ṣe ń yí. Ìwé ni yóò sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí fún ọmọ tí kò ní bá ìyá láyé.

Nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ já sí. Àwọn tó mọ oríkì náà láìwo ìwé ń dín kù lọ́dọọdún. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ka orúkọ àwọn tó wà níbi ọdún èṣí, àga kan tàbí méjì máa ń ṣófo. Tẹ́lẹ̀, bí àgbà kan bá lọ láìsí àwòrán rẹ̀, ìlú lè sọ pé owó rọ́ọ̀lù ni kò sí. Lónìí, kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ohùn àgbà bá sọ nù lójú fóònù ogún, àìbìkítà ló gbé e lọ.

Ògúndé, Balógun, Abikanlou àti Okioh kò ní ìrọ̀rùn tó wà lọ́wọ́ ọmọ kékeré lónìí. Ohun tí wọ́n ní ni ìfarabalẹ̀. Bí Titirou bá lè fi ìfarabalẹ̀ ìgbà rọ́ọ̀lù di fóònù òní mú, ọmọ tí wọ́n máa bí ní ogójì ọdún sí i á jókòó, á wo ọdún òní, á gbọ́ ohùn ìlù rẹ̀, á sì mọ orúkọ ẹni tó ń lù ú.

Àṣèyí ṣe àmọ́dún. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àga ẹnikẹ́ni ṣófo láìpé ọjọ́. Titirou á gbòòrò, Parakou á tòrò, ilẹ̀ Benin á dára.